Abdur-Rahman As-Sufi: Ẹni tí Ó Kọ Ìkùukùu Kékeré Sílẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀, tí Ó sì fi ìràwọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ fún òkùnkùn. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (s.a.w.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ará mọ́ṣáláṣí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa nínú ìwé ọdọọdún yìí, a tún mú ìtàn ìgbésí ayé ẹnì kan wá láàrin àwọn aṣíwájú wa nínú ìmọ̀. Ẹni tí a mú lọ́dún yìí kì í ṣe ọba, kì í ṣe jagunjagun, kì í sì í ṣe olówó tí à ń kókìkí rẹ̀ nítorí ọrọ̀. Ọkùnrin kan ni tí ó fi òru wo ìràwọ̀, tí ó fi ọ̀sán kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Orúkọ rẹ̀ ni Abul-Husayn Abdur-Rahman bin Umar As-Sufi.

Ìdí pàtàkì kan ni ó mú wa yàn án. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán láàrin àwa òbí ní Okokomaiko, ní Ìba àti ní Ọ̀jọ́ yíká. Àwọn kan ní ọmọ tí ó bá ń ṣe kéwú kò lè ráyè gbọ́ ti sáyẹ́ǹsì. Àwọn mìíràn ní ọmọ tí ó bá fẹ́ di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, kí ó tètè gbé wàláà sílẹ̀, kí ó má bàa pẹ́ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Báyìí ni ọmọ tí Ọlọ́hun fún ní òye méjèèjì ṣe ń pàdánù ọ̀kan kí ó tó dàgbà. A fẹ́ kí ẹ ka ìtàn ọkùnrin yìí, kí ẹ wá fi ojú ara yín rí bóyá ìmọ̀ méjèèjì ń bá ara wọn jà ní tòótọ́.

Ìbí rẹ̀ àti bí ayé ti rí nígbà náà

Ìlú Rayy ni wọ́n ti bí As-Sufi, ní ilẹ̀ Páṣíà tí à ń pè ní Ìránì lónìí. Ìlú náà súnmọ́ Tehran, olú ìlú Ìránì, tó bẹ́ẹ̀ tí Tehran fi ti gbòòrò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Muharram, ọdún 291 lẹ́yìn Hijra, ni ọjọ́ ìbí rẹ̀, èyí tí ó bọ́ sí ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 903. Láti ìlú Rayy yìí kan náà ni Abu Bakr ar-Razi, oníṣègùn ńlá nì, ti jáde wá ṣáájú rẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bí i jẹ́ ìgbà tí ọjà ìmọ̀ ń tà láàrin àwọn Mùsùlùmí. Ó ti tó ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí Khalifa al-Ma'mun ti jọba ní Baghdad, tí ó ń náwó sí títúmọ̀ àwọn ìwé àwọn ará Gíríìkì sí èdè Lárúbáwá. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwé Batlamyus, ọ̀mọ̀wé kan tí ó gbé ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì ní nǹkan bí 800 ọdún ṣáájú ìgbà As-Sufi. Àwọn Lárúbáwá sọ ìwé náà ní Al-Majisti. Inú rẹ̀ ni Batlamyus to ìràwọ̀ tí ó lé ní 1,000 sí, ó sọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà àti bí ó ti ń tàn tó.

Ìmọ̀ sánmọ̀ kì í ṣe eré fún àwọn Mùsùlùmí ìgbà náà. Ojú oòrùn ni wọ́n ń wò mọ àkókò ìrun. Òṣùpá ni wọ́n ń wò mọ ìbẹ̀rẹ̀ Ramadan àti ọjọ́ ọdún. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí Qibla wà láti ìlú òkèèrè ní láti mọ ìṣirò. Oníṣòwò tí ó ń la aṣálẹ̀ já lóru, ìràwọ̀ ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da èyí pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àwọn tí ń fi ìràwọ̀ sọ fún ènìyàn pé iṣẹ́ rẹ yóò yọrí tàbí pé aya rẹ yóò bímọ. Ìwé tí As-Sufi fi lókìkí kì í ṣe ìwé àfọ̀ṣẹ. Ibi tí ìràwọ̀ wà, bí ó ti tàn tó, àti orúkọ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.

Olùkọ́ ọba

Ọba kan wà ní ìlú Shiraz tí orúkọ oyè rẹ̀ ń jẹ́ Adud ad-Dawla, láti ìdílé Buya. Ọdún 949 ni ó gorí oyè, ó sì jọba títí di ọdún 983, nígbà tí agbára rẹ̀ ti ká Baghdad pàápàá mọ́. Ọba yìí fẹ́ràn ìwé. Ó ní ilé ìkówèésí ńlá ní Shiraz, òun náà ni ó sì kọ́ ilé ìwòsàn tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Baghdad.

As-Sufi fi ọdún 33 ju ọba náà lọ. Ó di olùkọ́ rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, ó sì di ẹni tí ó súnmọ́ ọn. Àwọn òpìtàn fi tó wa létí pé ọba yìí a máa fi orúkọ àwọn olùkọ́ rẹ̀ yangàn. Bí ó bá kan gírámà Lárúbáwá, yóò dárúkọ Abu Ali al-Farisi. Bí ó bá kan àwọn ìràwọ̀ àti àwòrán wọn, yóò dárúkọ As-Sufi. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ọba tí ó ní ọmọ ogun, tí ó ní ìṣúra, tí ó ní ààfin, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìwé ni ó fi ń ṣe fáàrí láwùjọ.

As-Sufi kò fi ojúure ọba jókòó jẹun lásán. Ó kọ ìwé lórí asturlab, ohun èlò pẹlẹbẹ tí àwọn ará ìgbà náà fi ń mọ àkókò lọ́sàn-án àti lóru. Ní Shiraz, ní nǹkan bí ọdún 970, ó fi òrùka ńlá kan tí a ṣe fún wíwọn gíga oòrùn ṣe iṣẹ́ tí al-Biruni, onímọ̀ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, mẹ́nu bà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni nígbà náà. Agbára ìwádìí kò tán nínú rẹ̀.

Ìwé ńlá rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 964, èyí tí í ṣe ọdún 353 lẹ́yìn Hijra, As-Sufi parí ìwé tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di àìkú. Àkọlé rẹ̀ ni Kitab Suwar al-Kawakib ath-Thabita, ìyẹn ni Ìwé Àwòrán Àwọn Ìràwọ̀ tí Kì í Ṣípò. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti ń ka Lárúbáwá lè túmọ̀ àkọlé náà fúnra yín láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó mú un kọ ọ́ ni ó yẹ kí a fi ọkàn sí. Láti ìgbà Batlamyus, àwọn tí ń ṣe ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn, ìwé ni wọ́n ń dà kọ láti inú ìwé. Àwọn tí ń ṣe bọ́ọ̀lù sánmọ̀, tí wọ́n ń ya ìràwọ̀ sí ara rẹ̀, kì í jáde síta wo òkè. Bí ìwé bá ṣì í, bọ́ọ̀lù náà yóò ṣì í. As-Sufi kọ èyí sínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, kò sì bo àṣìṣe àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n jẹ́ ẹni ńlá. Kò bú wọn, kò sì kọ iṣẹ́ Batlamyus sílẹ̀. Ó gbé ìwé náà dání, ó jáde sí òkùnkùn, ó wá ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ síbi tí ìwé ní ó wà. Èyí tí ó rí, ó jẹ́rìí sí i. Èyí tí kò rí níbẹ̀, ó sọ pé òun kò rí i. Èyí tí ó rí tí Batlamyus kò kọ, ó fi kún un.

Àwòrán ìràwọ̀ 48 ni ìwé náà pín sí: 21 ní apá àríwá, 12 ní ojú ọ̀nà tí oòrùn ń gbà, àti 15 ní apá gúúsù. Ní abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ ṣàlàyé àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ó sọ orúkọ tí àwọn Lárúbáwá aṣálẹ̀ ń pè wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ó ya àwòrán méjì: ọ̀kan bí a ti ń rí i láti ilẹ̀, èkejì bí yóò ti rí ní ara bọ́ọ̀lù sánmọ̀. Ìdí tí ó fi yà á ní méjì ni pé ẹni tí ó ń wo bọ́ọ̀lù wà ní ìta sánmọ̀, nítorí náà ohun tí ó wà ní ọ̀tún yóò di òsì fún un, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo ara rẹ̀ nínú dígí. Níkẹyìn ni ó wá to ìṣirò wọn sínú tábìlì.

Nínú ìṣirò yìí, ó ní láti ṣe àtúnṣe kan. Ayé wa yìí ń yí bí òkòtó. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti ta òkòtó rí mọ̀ pé bí ó ti ń yí, orí rẹ̀ a máa rọra mì lọ mì bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ń ṣe, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 26,000 ọdún kí orí rẹ̀ tó mì yíká lẹ́ẹ̀kan. Nítorí èyí, ibi tí a kọ pé ìràwọ̀ wà ní ìgbà Batlamyus ti yí padà díẹ̀ nígbà tí yóò fi di ìgbà As-Sufi. Ó ṣírò rẹ̀ pé ó ti yí ju ìwọ̀n dígírì 12 lọ, ó sì fi èyí kún ipò gbogbo ìràwọ̀ inú tábìlì rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí ìràwọ̀ ti ń tàn tó ni àwọn onímọ̀ òde òní ń yìn jù lọ. Ìpele mẹ́fà ni wọ́n pín ìràwọ̀ sí láti ayé àtijọ́: ti àkọ́kọ́ ni ó tàn jù, ti ẹ̀kẹfà ni ojú ń fi agbára káká rí. As-Sufi tún fi ojú ara rẹ̀ wọn gbogbo wọn, ó sì ń sọ bí ọ̀kan bá tóbi díẹ̀ tàbí kéré díẹ̀ nínú ìpele rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ. Ojú lásán ni, àti sùúrù.

Àwọn orúkọ Lárúbáwá tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń pe ìràwọ̀ títí di òní. Bí òyìnbó bá pe Rigel, rijl ni, ẹsẹ̀. Bí ó bá pe Deneb, dhanab ni, ìrù. Altair ni at-ta'ir, èyí tí ń fò. Fomalhaut ni fam al-hut, ẹnu ẹja. Ọmọ ilé kéwú tí ó bá wọ kíláàsì ìmọ̀ ìràwọ̀ ní yunifásítì èyíkéyìí yóò bá èdè tí ó mọ̀ níbẹ̀.

Ìkùukùu kékeré ní ẹnu ẹja

A dé ibi tí ìtàn yìí ti yàtọ̀. Nínú àwọn àwòrán tí As-Sufi ṣàlàyé, ọ̀kan wà tí ó ń jẹ́ al-Mar'a al-Musalsala, obìnrin tí a fi ẹ̀wọ̀n dè. Àwọn òyìnbó ń pè é ní Andromeda. Àwọn Lárúbáwá rí ẹja ńlá kan ní ibẹ̀ pẹ̀lú. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu ẹja yìí ni As-Sufi ti kọ ọ́ pé ohun kan wà tí ó dàbí àbàwọ́n ìkùukùu kékeré. Kò dàbí ìràwọ̀ tí ń dán wíńníwínní. Ó rí bí ẹni fi ìyẹ̀fun díẹ̀ ra ojú sánmọ̀.

Nínú gbogbo àkọsílẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ aráyé, ti As-Sufi ni ó pẹ́ jù lọ nípa ìkùukùu yìí. Kò mọ ohun tí ó jẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n nígbà náà. Kò fi ìtàn àròsọ kún un. Kò sì fo ó dá nítorí pé kò sí nínú ìwé Batlamyus. Ó kọ ọ́ bí ó ti rí i, ó sì tẹ̀síwájú.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa lè rí i láti ibí bí Ọlọ́hun bá fẹ́. Ní àárín oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn ìrun Iṣáì, ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, kí ènìyàn kọjú sí àríwá, kí ó gbé ojú sókè ju ìlàjì sánmọ̀ lọ díẹ̀. Iná gílóòbù Èkó kì í jẹ́ kí ó hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lọ sí abúlé tí òkùnkùn ti ṣú, tí sánmọ̀ sì mọ́, ojú rẹ̀ lè bá a.

Ikú rẹ̀ àti ìrìn-àjò ìwé rẹ̀

As-Sufi kú ní Shiraz ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Muharram ọdún 376, èyí tí ó bọ́ sí ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 986. Bí a bá fi òṣùpá ka ọjọ́ orí rẹ̀, ọjọ́ kan péré ni ó kù kí ó pé ọmọ ọdún 85. Ọdún mẹ́ta ni ó fi gbẹ̀yìn ọba tí ó kọ́. Ó fi ọmọ sílẹ̀, ọmọ náà sì kọ ewì lórí àwọn àwòrán ìràwọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Kí Ọlọ́hun forí jì wọ́n.

Ìwé rẹ̀ kò bá a wọ sàréè. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Nasir ad-Din at-Tusi túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Páṣíà. Ní àkókò kan náà, Ọba Alfonso ní ilẹ̀ Sípéènì mú kí wọ́n ṣe ìwé ìràwọ̀ kan tí wọ́n gbé ka orí rẹ̀. Ní Samarqand, Ulugh Beg, ọba tí í ṣe onímọ̀, parí tábìlì ìràwọ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1437. Àwọn ìràwọ̀ gúúsù tí kò ṣeé rí láti Samarqand, ìwé As-Sufi ni ó ti mú wọn. Àwọn òyìnbó yí orúkọ rẹ̀ padà sí Azophi, wọ́n sì fi pe ihò ńlá kan lójú òṣùpá. Ní ọdún 1874, wọ́n tẹ ìwé náà jáde ní èdè Faransé. Ní ọdún 1954, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Lárúbáwá ní Hyderabad ní ilẹ̀ Íńdíà.

Ohun tí ó wà nínú ìkùukùu náà

Ní ọdún 1612, òyìnbó Jámánì kan, Simon Marius, fi awò-awọ̀nàjíjìn wo ìkùukùu náà. Ìkùukùu ni ó ṣì rí. Ọdún 1923 ni Edwin Hubble ní Amẹ́ríkà rí ìràwọ̀ kan nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ kí ó lè ṣírò bí ó ti jìnnà tó. Nígbà náà ni aráyé mọ̀ pé kì í ṣe ìkùukùu rárá. Agbo ìràwọ̀ ńlá mìíràn ni, tí ó wà ní ìta agbo ìràwọ̀ tiwa. Irú agbo bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní gálásì. Majarra ni Lárúbáwá ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ó gba ìmọ́lẹ̀ tó mílíọ̀nù ọdún méjì àbọ̀ kí ó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ́lẹ̀ tí ó wọ ojú As-Sufi ní Páṣíà ti wà lójú ọ̀nà tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá rẹ̀.

Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà gbé ọ̀rọ̀ mìíràn jáde. Wọ́n wo bí àwọn ìràwọ̀ tí ó wà ní àárín gbùngbùn gálásì náà ti ń sáré yípo. Bí ọmọdé bá so òkúta mọ́ okùn tí ó ń fì í yíká, bí òkúta bá ti ń sáré tó ni ọwọ́ rẹ̀ yóò ti di okùn mú tó. Ìràwọ̀ kò ní okùn. Òòfà ni okùn tiwọn. Eré tí wọ́n ń sá fi hàn pé ohun kan wúwo gidigidi ní àárín wọn, ohun náà kò sì tàn. Ìṣirò tí ó tẹ̀ lé e sọ pé ó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù 140. Èyí ni à ń pè ní ihò dúdú.

Kí ni ihò dúdú? Ó jẹ́ ibi tí ohun púpọ̀ ti wọnú ara wọn jọ sí àyè kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí òòfà rẹ̀ kò fi jẹ́ kí ohunkóhun jáde mọ́, ìbá à ṣe ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ìràwọ̀ ńlá bá jó tán, àárín rẹ̀ lè wó lu ara rẹ̀ kí ó di ihò dúdú kékeré. Ti àárín gálásì kì í ṣe kékeré. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì pọ̀ lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní irúgbìn rẹ̀ ni ìràwọ̀ ńláńlá àkọ́kọ́ tí wọ́n kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé. Àwọn mìíràn ní ìkùukùu gáàsì ńlá ni ó wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìdi ìràwọ̀ rárá. Àwọn kan tún ní ìràwọ̀ tí ó há pọ̀ ju ni wọ́n kọlu ara wọn títí wọ́n fi di ọ̀kan. Awò-awọ̀nàjíjìn James Webb, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òfuurufú ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, ti rí ihò dúdú ńlá ní ìgbà tí ayé òun sánmọ̀ kò tíì pé bílíọ̀nù ọdún kan, nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ lónìí jẹ́ nǹkan bí bílíọ̀nù ọdún 13.8. Ìyẹn ni ó mú kí ìbéèrè nípa irúgbìn náà gbóná sí i.

Bí ó ti ń dàgbà ni ó yé wọn jù. Ọ̀nà méjì ni. Èkíní ni oúnjẹ. Gáàsì tí ó bá súnmọ́ ọn kì í ré sínú rẹ̀ tààrà. Ó ń yípo bí omi inú bàsíà tí a yọ ìdí rẹ̀. Bí ó ti ń yí ni ó ń gbóná, tí ó sì ń tàn yẹ̀rì ju gbogbo ìràwọ̀ gálásì náà lọ nígbà mìíràn. Èyí ni ó fà á tí ihò dúdú tí kò ní ìmọ́lẹ̀ fi lè jẹ́ ibi tí ó tàn jù ní sánmọ̀. Ọ̀nà kejì ni ìdàpọ̀: bí gálásì méjì bá pàdé tí wọ́n di ọ̀kan, ihò dúdú àárín wọn lè súnmọ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀ títí àwọn náà yóò fi di ọ̀kan.

Ihò dúdú kì í gbé gbogbo ohun mì bí àwọn kan ti ń rò. Ìràwọ̀ tí ó bá jìnnà sí i yóò máa yípo jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, bí ayé ti ń yí oòrùn po. Bí ó bá sì jẹun ní àjẹjù, ooru àti ìmọ́lẹ̀ tí ó ń tú jáde yóò ti gáàsì yòókù sẹ́yìn, oúnjẹ yóò sì dín kù. Ààlà wà fún bí ó ti lè jẹ tó. Orúkọ Arthur Eddington ni wọ́n fi pe ààlà náà, òyìnbó tí ó wá sí erékùṣù Principe, ní omi òkun Gúúsù wa níhìn-ín, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 1919, láti wo bí oòrùn ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú. Iṣẹ́ yẹn wà nínú ohun tí ó jẹ́ kí ayé gba ìmọ̀ Einstein gbọ́, orí ìmọ̀ náà ni òye ihò dúdú sì dúró lé.

Gálásì tiwa náà ní ihò dúdú tirẹ̀, tí ó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù mẹ́rin. Ó wà ní apá ibi tí As-Sufi ya àwòrán ar-Rami, atamátàsé, sí, níbi tí àwọn Lárúbáwá ti rí ògòǹgò tí ń lọ mu omi nínú odò Majarra àti èyí tí ó ti mu ún tán tí ó ń padà bọ̀. Ní oṣù Kẹjọ, lẹ́yìn Iṣáì, gúúsù ni a ó kọjú sí láti wo apá ibẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni aráyé kọ́kọ́ rí àwòrán òjìji ihò dúdú kan, ti gálásì M87 tí ó wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù 6.5, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni wọ́n rí ti gálásì tiwa.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ yìí kò kan ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Samuel Okoye, tí ó kú ní ọdún 2009, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí sánmọ̀ pẹ̀lú ìgbì rédíò ní Cambridge ní ọdún 1965. Ó padà wálé, ó sì dá ibùdó ìwádìí òfuurufú sílẹ̀ ní Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka ní ọdún 1972.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà fún wa

Èkíní, As-Sufi kò fi Lárúbáwá sílẹ̀ kí ó tó di onímọ̀ sánmọ̀. Lárúbáwá ni ó fi ṣe é. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tí ó lè há sūrà sórí, tí ó lè tú gírámà palẹ̀, ọpọlọ tí ó fi ń ṣe é náà ni yóò fi ṣe ìṣirò. Ẹ má ṣe gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èkejì. Ẹ ra ìwé méjèèjì fún un.

Èkejì, ó bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ iṣẹ́ wọn wò. Ẹ̀yin ọmọ, dída ìwé ẹlòmíràn kọ kì í ṣe ìmọ̀, ní ilé kéwú tàbí ní ilé ìwé.

Ẹ̀kẹta, ó kọ ohun tí kò yé e sílẹ̀ láìpurọ́ mọ́ ọn. Bí ó bá ti fo ìkùukùu kékeré náà dá, àkọsílẹ̀ rẹ̀ ìbá ti sọnù. Bí ó bá ti parọ́ mọ́ ọn, ta ni ìbá gbà á gbọ́ lónìí? A rọ àwọn olùkọ́ náà pé bí ọmọ bá béèrè ohun tí a kò mọ̀, kí a sọ pé a kò mọ̀, kí a sì jọ wá a. Kí a má sì ṣe máa fi tipátipá ka gbogbo ohun tuntun tí sáyẹ́ǹsì bá rí mọ́ inú Al-Kùránì, nítorí ìmọ̀ ènìyàn a máa yí padà, ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kì í yí. Ìwé mímọ́ náà pè wá láti wo sánmọ̀ kí a ronú, ìyẹn sì tó wa ní iṣẹ́ ṣe.

A bẹ Ọlọ́hun kí Ó forí ji Abdur-Rahman As-Sufi àti gbogbo olùkọ́ wa tí wọ́n ti kọjá lọ. Kí Ó la ojú àwọn ọmọ wa ní Okokomaiko sí ìmọ̀ tí ó ṣe é ní àǹfààní, kí Ó sì fi sùúrù àti òdodo sí wọn nínú. Àmín.